Agogo Ẹ̀ẹ̀mejì ní Kọ́nà Oníbúrẹ́dì

Ìyá Alágogo fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi, lọ́sàn-án ọjọ́ kan tí òjò há wa mọ́ inú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, níbi tó ti ń ta òwú, abẹ́rẹ́ àti bọ́tìnnì. Ó ní bí mo bá máa tún un sọ fún ẹlòmíràn, kí n má bu ẹwà kún un, kí n má sì yọ ibi tó dun òun kúrò níbẹ̀. Bó ṣe sọ ọ́ nìyí.

Tíráàmù ló ń gba iwájú ṣọ́ọ̀bù yẹn kọjá nígbà kan, ọkọ̀ ojú irin tó máa ń rọra la àárín ìgboro bí àgbàlagbà tí kò bá ẹnikẹ́ni du nǹkan. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Ìyá Alágogo fi ṣe kọ́ńdọ́ nínú rẹ̀. Báàgì awọ á wà lọ́rùn rẹ̀, irin tí wọ́n fi ń lu tíkẹ́ẹ̀tì á wà lọ́wọ́ ọ̀tún, okùn agogo lọ́wọ́ òsì. Ọkọ rẹ̀ ló ń wa ọkọ̀ náà. Máwẹ̀yìn ni orúkọ tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ ọ́, nítorí òfin iṣẹ́ wọn ni pé awakọ̀ kì í bojú wẹ̀yìn. Iwájú ni tirẹ̀. Ẹ̀yìn, ti kọ́ńdọ́ ni. Agogo ló ń bá wọn sọ̀rọ̀ láàárín ara wọn: ẹ̀ẹ̀kan, máa lọ, ẹ̀ẹ̀mejì, dúró. Awakọ̀ ò sì gbọdọ̀ béèrè pé kí ló dé. Bó bá ti gbọ́ méjì, kó kọ́kọ́ tẹ bíréèkì ná, kó tó máa wádìí.

Oṣù méje gbáko ni Máwẹ̀yìn fi gbọ́ agogo rẹ̀ kó tó rí ojú rẹ̀ dáadáa. Bó bá dé òpin ọ̀nà, á yọ ọwọ́ ọkọ̀, irin tó fi ń wà á, á sọ̀ kalẹ̀, á máa lọ. Ìyá Alágogo ní tirẹ̀ á ṣì wà nínú ọkọ̀, á máa bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó bóyá ẹnì kan gbàgbé agbòjò tàbí ìbọ̀wọ́. Ìgbà tó máa fi jáde, ẹ̀yìn awakọ̀ ló máa rí.

"Agogo ẹ ni mo kọ́kọ́ fẹ́," ni Máwẹ̀yìn, tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Bàbá, máa ń wí tí àlejò bá wà nílé. "Ojú ẹ, ẹ̀yìn ló dé."

"Ká ní ojú mi lẹ ti kọ́kọ́ rí ńkọ́?"

"Ọkọ̀ ì bá ti yà kúrò lójú irin!"

Ìgbà tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ojú irin ìgboro ṣe, kò sẹ́ni tó bínú. Ọkọ̀ ti gbó, òjò ń jo wọ inú rẹ̀. Wọ́n ri pátákó ńlá kan mọ́lẹ̀ nítòsí ṣọ́ọ̀bù oníbúrẹ́dì, wọ́n kọ ọ́ sí i pé oṣù mẹ́sàn-án ni iṣẹ́ yóò gbà. Lọ́jọ́ tí ọkọ̀ àtijọ́ rìn kẹ́yìn, Máwẹ̀yìn ló wà á wọ ọgbà tí wọ́n ń kó ọkọ̀ sí. Ó yọ ọwọ́ ọkọ̀, irin idẹ kan báyìí tó gùn tó apá ọmọ ọwọ́. Láìsí i, tíráàmù kankan ò lè mira. Ó fẹ́ fi í lé ọ̀gá wọn lọ́wọ́, ọ̀gá náà rẹ́rìn-ín.

"Ẹ gbé e dání, Bàbá. Oṣù mẹ́sàn-án ò jìnnà. Ẹ̀yin náà lẹ máa gbé e padà wá."

Láti ọjọ́ náà, kò sí òwúrọ̀ tí Bàbá kì í fi àkísà àti epo díẹ̀ nu irin idẹ náà lórí tábìlì, kí wọ́n tó mu tíì.

Oṣù mẹ́sàn-án kọjá. Wọ́n ní àwọn bá ọ̀pá omi lábẹ́ ilẹ̀ tí kò sí nínú àwòrán. Wọ́n kun ọjọ́ tó wà lára pátákó náà, wọ́n kọ òmíràn lé e. Ọdún kejì, irin tí wọ́n kó dé kò bá ti ilẹ̀ mu, wọ́n ní kí wọ́n kó o padà. Ọdún kẹta, wọ́n yí irú ọkọ̀ tí wọ́n fẹ́ rà padà. Ọdún kẹrin, ọ̀gá tuntun dé, ó ní òun ò fẹ́ràn iṣẹ́ ọ̀gá àná. Ilẹ̀ tí wọ́n gbẹ́ lónìí, wọ́n á dí i lọ́la. Lọ́túnla, àwọn mìíràn á dé, wọ́n á ní ta ló dí i. Ọ̀dà orí pátákó nípọn títí ó fi ń ṣí bí èèpo ọsàn.

"Oṣù mẹ́sàn-án!" Oníbúrẹ́dì ló máa ń wí bẹ́ẹ̀. Ọkùnrin oníkùn rọ̀bọ̀tọ̀ ni, iyẹ̀fun ò kúrò ní irùngbọ̀n rẹ̀ láéláé. "Ọmọ tí wọ́n lóyún ẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n ri pátákó yìí, ó ti wà ní kíláàsì kìíní. Ó tiẹ̀ ti lè ka irọ́ tó wà lára ẹ̀."

Gbogbo àdúgbò á rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà ò dénú. Ẹni tó fẹ́ ra abẹ́rẹ́ kan ṣoṣo gbọ́dọ̀ gba orí pákó kọjá lórí kòtò kó tó dé ọ̀dọ̀ Ìyá Alágogo.

Nígbà tí ọdún kẹfà wọlé, ojú Bàbá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú. Dókítà fi iná wò ó títí, ó wá pa iná náà.

"Bàbá, ojú yìí ń lọ bí ìrọ̀lẹ́ ṣe ń lọ. Kì í ṣe èyí tí a lè ṣiṣẹ́ abẹ fún. Tó bá wúlò fún yín di ìparí ọdún, ká dúpẹ́."

Bàbá kò ṣe bí ẹni tí wọ́n sọ ọ̀rọ̀ burúkú fún. Ó ní, "Ó dáa bẹ́ẹ̀. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n máa ṣí ọ̀nà. Ojú mi á bá a."

Lóòótọ́, ọjọ́ tuntun ti wà lára pátákó, lọ́tẹ̀ yìí ó dà bí ẹni pé òótọ́ ni. Wọ́n ti parí ojú irin. Wọ́n ti mọ àwọn pèpéle tí èrò yóò máa dúró lé. Iléeṣẹ́ ti kọ lẹ́tà sí Bàbá pé òun ni yóò jókòó síwájú pátápátá nínú ọkọ̀ àkọ́kọ́. Ó tọ́jú lẹ́tà náà sábẹ́ tìmùtìmù àga rẹ̀, bó bá sì jókòó, á fọwọ́ kàn án kó mọ̀ pé ó ṣì wà níbẹ̀.

Ohun kan ṣoṣo ló fẹ́ rí. Lẹ́yìn kọ́nà oníbúrẹ́dì, ọ̀nà á dà gẹ̀ẹ́rẹ́ sí ìsàlẹ̀, odò á sì yọ lójijì láàárín ilé méjì, gbogbo rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìgbà tí èèyàn ṣí aṣọ lójú fèrèsé. Ẹni tó ń fẹsẹ̀ rìn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà ò lè rí i. Iwájú tíráàmù nìkan lèèyàn ti ń rí i bẹ́ẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n ni Bàbá fi ń rí i ní ìgbà mẹ́rìnlá lóòjọ́, kò sì sú u.

Ó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí wọ́n ṣí ọ̀nà nígbà tí Ìyá Alágogo gbé òwú lọ fún Oníbúrẹ́dì, tó fẹ́ fi rán épírọ́ọ̀nù tuntun fún àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀. Nígbà tó ń bọ̀, ó gun pèpéle tuntun tó wà létí kọ́nà, kó fi sinmi díẹ̀. Sìmẹ́ńtì rẹ̀ funfun, ó mọ́, wọ́n fi ọgbà irin yí ẹ̀yìn rẹ̀ ká. Ó dúró. Ó wo ojú irin. Láìrò ó tẹ́lẹ̀, ẹsẹ̀ rẹ̀ sún sẹ́yìn fúnra rẹ̀, ìṣísẹ̀ kan, èkejì, títí ẹ̀yìn rẹ̀ fi gbá ọgbà irin.

Ó rọ̀ mọ́ ọgbà náà.

Ẹsẹ̀ rẹ̀ ló rántí kí orí tó rántí. Tí tíráàmù bá fẹ́ ya kọ́nà yìí, tí orí rẹ̀ bá kọjú sí òsì, ìdí rẹ̀ á jù síta sí ọ̀tún, bí obìnrin tó mọ̀ pé wọ́n ń wo òun. Nígbà àtijọ́, ilẹ̀ gbalasa ni ibẹ̀. Òun á yọ orí láti ẹ̀yìn, á pariwo pé, "Ẹ sún sẹ́yìn o! Ìdí ọkọ̀ ń bọ̀!" Àwọn èèyàn á sún, wọ́n á máa rẹ́rìn-ín. Bí ẹnì kan bá kọ̀ tí kò sún, òun á fa okùn agogo ẹ̀ẹ̀mejì. Ní báyìí, wọ́n ti mọ pèpéle gan-an síbi tí ìdí ọkọ̀ máa ń jù sí, wọ́n sì ti fi ọgbà dí ẹ̀yìn àwọn tó máa dúró níbẹ̀. Ibo ni wọ́n fẹ́ sún sí?

Ó wá rántí ọdún kejì, nígbà tí ọkùnrin kan láti iléeṣẹ́ wá pẹ̀lú ìwé àti bírò, tó ń bi Bàbá léèrè ọ̀nà náà, kọ́nà kan sí kọ́nà kejì. "Kọ́nà oníbúrẹ́dì ńkọ́, Bàbá?" Bàbá ní, "Kò sí wàhálà kankan níbẹ̀. Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, n ò fara kan ohunkóhun." Ọkùnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀. Òun Ìyá Alágogo wà ní kíṣìnnì nígbà náà, ó ń se omi tíì fún àlejò. Kò sẹ́ni tó bi òun ní nǹkan kan.

Bàbá ò purọ́. Kò rí ìdí ọkọ̀ rí ni.

Ọjọ́ mẹ́ta ni obìnrin yìí fi gbé ọ̀rọ̀ náà mì. Bó bá sọ ọ́, wọ́n á tún fọ́ ilẹ̀, ojú ọkọ òun á sì kú kí ọkọ̀ tó rìn. Bí kò bá sọ ọ́, ẹsẹ̀ ẹnì kan á wà ní etí pèpéle lọ́jọ́ kan. Ó ń wá ọ̀nà kẹta, kò rí i. Ó rò ó pé bóyá òun ti darúgbó ni, bóyá ọkọ̀ tuntun kì í ju ìdí. Ó tún padà lọ dúró lórí pèpéle náà lẹ́ẹ̀mejì. Ìgbà méjèèjì, ẹsẹ̀ rẹ̀ sún.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kẹrin, Bàbá nu irin idẹ rẹ̀ tán, ó dìde, ó fẹ́ lọ mú fìlà rẹ̀. Ó ń sọ̀rọ̀ bó ṣe ń lọ: ó fẹ́ kí wọ́n bá òun lọ̀ ṣòkòtò òun fún ọjọ́ náà, ó fẹ́ mọ̀ bóyá ẹni tó máa wa ọkọ̀ náà mọ bí wọ́n ṣe ń rọra sọ̀ kalẹ̀ lọ sí odò. Ìyá Alágogo ò mọ ibi tó ti máa bẹ̀rẹ̀. Ó mú ṣíbí, ó fi lu etí kọ́ọ̀bù ẹ̀ẹ̀mejì.

Bàbá dúró gbagidi. Ẹsẹ̀ kan wà níwájú, èkejì wà lẹ́yìn. Kò yíjú.

"Kí ló wà lẹ́yìn?" ló béèrè.

Ìyá Alágogo sọ ọ́ fún un.  Nígbà tó sọ̀rọ̀ tán, Bàbá padà wá jókòó, ó sì gbé irin idẹ rẹ̀ lé itan.

"Ọdún mẹ́fà," ló wí. "Ọdún mẹ́fà, Alágogo. Gbogbo wọn ló ti dá wa dúró. Ìwọ náà?"

"Ẹ má bínú, Bàbá."

"Ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Ẹsẹ̀ mi sún."

Bàbá fi ọwọ́ pa irin idẹ náà láti òkè dé ìsàlẹ̀. "Nígbà tá a jọ ń ṣiṣẹ́, tí o bá lu agogo ẹ̀ẹ̀mejì, ǹjẹ́ mo béèrè rí pé ṣé ó dá ẹ lójú?"

"Rárá."

"Kí wá ni mo tún ń bi ẹ́ sí? Lọ mú ìborùn ẹ. Àwa méjèèjì la jọ máa lọ."

Ilé onípákó kan létí ọ̀nà ni ọ́fíìsì ẹnjiníà tó ń bójú tó iṣẹ́ náà. Obìnrin tí ò tíì pé ogójì ọdún ni ẹnjiníà náà, akoto yẹ́lò wà lórí tábìlì rẹ̀, oorun sì wà lójú rẹ̀. Ó fún wọn ní àga, ó gbọ́ wọn dé òpin, ó sì mí kanlẹ̀.

"Màmá, ẹ má jẹ́ kó dà yín láàmú. Kọ̀ǹpútà ló ya kọ́nà yẹn."

"Kọ̀ǹpútà ọ̀hún, ọmọ mi, ṣé ó ti dúró lẹ́yìn tíráàmù rí?"

Ẹnjiníà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ó ṣí fáìlì. Ó kà á fún wọn: "Awakọ̀ àgbà tó mọ ọ̀nà náà jẹ́rìí pé kò sí ìdíwọ́."

"Èmi ni," ni Bàbá wí. "Iwájú ni mo jẹ́rìí sí. Ẹ ò bi mí léèrè nípa ẹ̀yìn, èmi náà ò sì rántí pé mi ò mọ̀ ọ́n."

Ìyá Alágogo yọ páálí tí wọ́n ń gán bọ́tìnnì mọ́ láti inú báàgì rẹ̀. Ó ní kí ẹnjiníà bá òun gé e bí ọkọ̀ tuntun ṣe gùn tó, ní ìwọ̀n tí wọ́n fi ya àwòrán náà. Ó gun abẹ́rẹ́ méjì mọ́ ọn níbi tí táyà irin máa wà. Ó wá gbé e lé orí àwòrán, ó ń fi abẹ́rẹ́ méjèèjì tọ ojú irin, ó ń tì í lọ díẹ̀díẹ̀ wọ kọ́nà. Orí páálí yà sí òsì. Ìdí rẹ̀ jù sí ọ̀tún, ó rọra gun orí pèpéle. Kò ju ìbú èékánná lọ.

Ẹnjiníà wò ó. Ó gba páálí náà, ó tún un ṣe fúnra rẹ̀. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta.

"Ìbú èékánná yìí," ló wí jẹ́jẹ́, "lójú ọ̀nà gangan, ó tó ẹsẹ̀ bàtà kan. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ rà kúrú. Wọ́n yí i padà, wọ́n mú èyí tó gùn. Kò sẹ́ni tó padà wo kọ́nà, torí ìwé ti sọ pé kò sí ìdíwọ́." Ó fi ọwọ́ méjèèjì bojú. "Ṣé ẹ mọ ohun tẹ́ ẹ wá sọ fún mi? A máa fọ́ pèpéle yẹn. Oṣù mẹ́wàá. Ó lè ju bẹ́ẹ̀ lọ."

Ìyá Alágogo wo ọkọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ń wo ojú fèrèsé, síbi tí ìmọ́lẹ̀ wà.

"Ẹ fọ́ ọ," ni Bàbá wí.

Àdúgbò ò dárí jì wọ́n bọ̀rọ̀. Lọ́jọ́ tí wọ́n tún kun pátákó, Oníbúrẹ́dì jáde sẹ́nu ọ̀nà, kò sì rẹ́rìn-ín lọ́tẹ̀ yìí.

"Ìyá Alágogo, ẹ ti tún lu agogo ẹ̀ẹ̀mejì! Ẹ̀yin nìkan ló kù tí ẹ ò tíì dá wa dúró."

"Oníbúrẹ́dì, ẹ jọ̀ọ́..."

"Kí ni mo fẹ́ jọ̀ọ́ sí? Pèpéle tó dára, wọ́n ń fi òòlù fọ́ ọ níwájú mi. Gbogbo búrẹ́dì mi ti di búrẹ́dì oníyanrìn!"

Fún bí oṣù méjì, kò kí i. Àwọn mìíràn ń kí i, ṣùgbọ́n wọ́n á lu tábìlì ẹ̀ẹ̀mejì tó bá ti kọjá, wọ́n á bú sẹ́rìn-ín.

Nínú ilé, ìrọ̀lẹ́ tí dókítà sọ ń sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Lẹ́tà inú ìwé ló kọ́kọ́ lọ, ẹ̀yìn náà ni ojú àwọn èèyàn, ẹ̀yìn náà ni èéfín orí tíì. Bàbá ṣì ń nu irin idẹ rẹ̀. Nígbà mìíràn, tí wọ́n bá jókòó lọ́sàn-án, á ní kí Ìyá Alágogo ka ibùdókọ̀ fún òun bíi tàtijọ́, ìyàwó rẹ̀ á sì na ohùn bó ṣe máa ń nà án: "Ilé Ìwé! Ilé Ìfìwéránṣẹ́! Oníbúrẹ́dì! Ẹ sún sẹ́yìn o!" Bàbá á di ojú, á máa fi ọwọ́ yí ọwọ́ ọkọ̀ lórí itan rẹ̀. Ìyá Alágogo ní òun máa ń ka àwọn ibùdókọ̀ náà dé òpin, kì í sì í rọrùn fún òun tí òun bá dé ti odò.

Oṣù mẹ́tàlá ni, kì í ṣe mẹ́wàá. Ní ọjọ́ tí wọ́n ṣí ọ̀nà, Bàbá ò rí ju funfun àti dúdú lọ. Ẹnjiníà fúnra rẹ̀ ló fà á lọ́wọ́ wọ inú ọkọ̀, ó fi í jókòó síwájú pátápátá, lẹ́yìn gíláàsì awakọ̀. Irin idẹ wà lórí itan rẹ̀. Ọkọ̀ tuntun ò ní ibi tí wọ́n lè kì í bọ̀. Bọ́tìnnì ni wọ́n fi ń wà á.

"Màmá, ẹ wá jókòó tì wọ́n," ni Ẹnjiníà wí.

"Ipò mi ò sí níwájú," ni Ìyá Alágogo dá a lóhùn, ó sì rìn lọ sí ẹ̀yìn pátápátá, níbi tí gíláàsì ńlá wà.

Ọkọ̀ gbéra. Kò pariwo bíi tàtijọ́, kò sì rùn bíi bíréèkì tó gbóná. Wọ́n kọjá Ilé Ìwé. Wọ́n kọjá Ilé Ìfìwéránṣẹ́. Nígbà tí wọ́n dé Oníbúrẹ́dì, èrò kún orí pèpéle fọ́fọ́, Oníbúrẹ́dì fúnra rẹ̀ ló sì wà ní iwájú gbogbo wọn, ó wọ épírọ́ọ̀nù tuntun, ó na ikùn rẹ̀ síta bí ẹni tó ní ọ̀nà náà. Ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ya kọ́nà. Ìyá Alágogo rọ̀ mọ́ irin, ó gbàgbé ara rẹ̀, ó pariwo láti ẹ̀yìn gíláàsì: "Ẹ sún sẹ́yìn o! Ìdí ọkọ̀ ń bọ̀!"

Wọn ò gbọ́ ọ níta. Ìdí ọkọ̀ jù síta, ó ń lọ, ó ń lọ sí ikùn Oníbúrẹ́dì, ó sì kọjá. Àlàfo tó wà láàárín wọn kò ju àtẹ́lẹwọ́ kan lọ. Oníbúrẹ́dì wo àlàfo náà. Ó wo etí pèpéle, níbi tí wọ́n ti gé e. Nígbà tó gbójú sókè, ojú rẹ̀ àti ti Ìyá Alágogo ṣe mẹ́rin nínú gíláàsì, ó sì ṣí fìlà oníyẹ̀fun rẹ̀.

Ìyá Alágogo fi òrùka rẹ̀ lu irin ọkọ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ní ọ̀ọ́kán, níwájú, Bàbá gbé ọwọ́ sókè.

Ọ̀nà dà gẹ̀ẹ́rẹ́. Kí ẹnikẹ́ni tó sọ̀rọ̀, kí odò tó yọ láàárín ilé méjì, Bàbá na irin idẹ rẹ̀ síwájú.

"Òun nìyẹn," ló wí.

Bóyá ó rí nǹkan funfun kan, bóyá ìdí rẹ̀ ló mọ ọ̀nà bí ẹsẹ̀ ìyàwó rẹ̀ ṣe mọ pèpéle, Ìyá Alágogo ò bi í títí di òní.

Ní òpin ọ̀nà, àwọn èrò pàtẹ́wọ́, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ìyá Alágogo ṣì wà lẹ́yìn, ó ń bẹ̀rẹ̀ wo abẹ́ àwọn ìjókòó, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì. Kò sí agbòjò, kò sí ìbọ̀wọ́. Ìgbà tó nàró, ó rí ọkọ rẹ̀ nínú gíláàsì. Ó ti sọ̀ kalẹ̀, irin idẹ wà lábẹ́ apá rẹ̀ bíi tàtijọ́, ó ń fi ọ̀pá wá etí ọ̀nà. Ẹnjiníà fẹ́ dì í mú, Bàbá rọra gba ọwọ́ rẹ̀ kúrò. Ó ń lọ sílé. Kò dúró, kò sì bojú wẹ̀yìn.